Ohùn Ìyá Alágbàfọ̀

Ohùn-Bẹ́nu-Mu ni wọ́n ń pe ọkùnrin yìí, orúkọ náà sì ti mọ́ ọn lára débi pé àwọn oníbàárà kan ò tiẹ̀ mọ̀ pé ó ní òmíràn. Iṣẹ́ ẹ̀ ló sọ ọ́ lórúkọ. Bí fíìmù bá wà tí ohùn ti sáré lọ níwájú, tí ẹnu wá ń wọ́ tẹ̀ lé e lẹ́yìn bí ọmọ tó ń sunkún tẹ̀ lé ìyá ẹ̀, ọ̀dọ̀ ẹ̀ ni wọ́n máa ń gbé e lọ. Á jókòó sínú yàrá kékeré tó háyà lókè ilé ìtàwé, á ṣí ètò kan lórí kọ̀ǹpútà, ètò náà á tẹ́ àwòrán sókè, á tẹ́ ohùn sísàlẹ̀, ohùn á wá rí bí òkè kéékèèké tó tò tẹ̀ léra wọn. Òun á máa tì í síwájú, á máa fà á sẹ́yìn, títí ètè á fi pàdé ọ̀rọ̀. Kò sẹ́ni tó mọ iṣẹ́ ọ̀hún jù ú lọ ládùúgbò. Òun náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, kì í sì í fi pa mọ́.

Ìyá ẹ̀ ńkọ́? Alágbàfọ̀ ni ìyá, ní ọsíbítù ńlá. Aṣọ ibùsùn àwọn aláìsàn ló fi gbogbo ọjọ́ ayé ẹ̀ fọ̀. Akólòlò sì ni. Kì í ṣe ìkólòlò kékeré tí wọ́n fi ń ṣẹ̀fẹ̀ o. Èyí tó ń há ọ̀rọ̀ mọ́ èèyàn lọ́fun ni, tí ojú á dì pa, tí àgbọ̀n á máa gbọ̀n, kí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo tó já bọ́. Láti kékeré lọmọ ti ń bá a parí ọ̀rọ̀. Tí wọ́n bá dé ṣọ́ọ̀bù, tí ìyá ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ “bú-bú”, ọmọ á ti já a gbà mọ́ ọn lẹ́nu pé búrẹ́dì ni wọ́n fẹ́. Àwọn èèyàn a máa yìn ín pé ọmọ gidi ni, ó ń ran ìyá ẹ̀ lọ́wọ́. Ẹ jẹ́ ká sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ojú ló ń tì í. Kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni dúró gbọ́ ìyá ẹ̀ tán.

Lọ́jọ́ tí ìyá fẹ̀yìn tì, àwọn ẹlẹgbẹ́ ẹ̀ to àga sáàárín àwọn ẹ̀rọ ìfọṣọ, wọ́n ní kó bá àwọn sọ̀rọ̀ díẹ̀. Ọmọ ló di kámẹ́rà mú. Ó rò pé ìyá á kàn ní ẹ ṣeun, á sì jókòó. Àṣé ìyá ti ń dá ọ̀rọ̀ náà sọ níwájú dígí láti ọjọ́ pípẹ́. Ó dìde, ó tún aṣọ ara ẹ̀ ṣe, ó sì bẹ̀rẹ̀. Kò tán bọ̀rọ̀. Ọmọ ń làágùn lẹ́yìn kámẹ́rà. Nígbà tí kò lè fara dà á mọ́, ó pa ohùn inú nǹkan ìgbọ́hùn tó dí etí ẹ̀ méjèèjì, ojú nìkan ló fi ń bá wọn lọ.

Ìyá ní kó bá òun ṣe fíìmù náà kó dáa, torí òun fẹ́ pe àwọn ẹlẹgbẹ́ òun wá sílé wá wò ó. Òun ò sọ̀rọ̀ láwùjọ rí láyé òun, ta ló sì mọ̀ bóyá òun á tún sọ ọ́. Ọmọ gbé e dé yàrá iṣẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gé e. Àwọn òkè kéékèèké tó jọra, tó tò tẹ̀ léra wọn yẹn, ó mọ̀ pé ìkólòlò ni, kò tiẹ̀ gbọ́ ọ kó tó gé e. Ibì kan wà tó le jù, tí òkè náà ò lópin, ó yáa gé gbogbo ẹ̀ kúrò. Ó fi ojú àwọn tó jókòó bo ojú ìyá níbi tó bá ti rí àyè, ó sì fi orin jẹ́jẹ́ dí ibi tó ṣófo. Lójú tiẹ̀, àánú ló ṣe. Ó ní kò sẹ́ni tó máa fura. Òun tó ń fi ìfura jẹun!

Àwọn alágbàfọ̀ dé, pálọ̀ kún. Ìyá wọ aṣọ tó dáa jù, ó jókòó síwájú tẹlifíṣàn, ó ń rẹ́rìn-ín. Ohùn ẹ̀ jáde, ó ń ṣàn geere bíi tàwọn tó ń ka ìròyìn. Kò pẹ́, ojú ìyá kún ojú tẹlifíṣàn. Ètè ẹ̀ ń gbọ̀n, àgbọ̀n ń mì, ó ń jà, ṣùgbọ́n ohùn ti sọ tiẹ̀ tán, ó ti lọ, orin ló kù. Ẹnì kan rẹ́rìn-ín, ó ní ẹ̀rọ ló tún ń ṣe bó ṣe máa ń ṣe, kí Ohùn-Bẹ́nu-Mu bá wọn tún un ṣe. Ọ̀gá àwọn alágbàfọ̀, obìnrin gíga kan, mi orí. Ó ní bẹ́ẹ̀ kọ́ ló ṣe sọ ọ́, àwọn wà níbẹ̀.

Ìyá wo tẹlifíṣàn, ó yíjú sí ọmọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà há, kò sì sẹ́ni tó bá a sọ ọ́.

“Ẹ-ẹ-ẹnu yìí náà,” ó ní, “ni mo fi k-kọ́ ọ lọ́rọ̀ sísọ.”

Ojú gba ọkùnrin náà tì. Ó dà bíi kí ilẹ̀ lanu kó gbé e mì. Ó bẹ ìyá ẹ̀ pé kí wọ́n má bínú, ó ní ojúlówó ẹ̀ wà nínú kọ̀ǹpútà tí òun gbé wá, òun ò pa á rẹ́. Ó fi ọwọ́ ara ẹ̀ gbé e sórí tẹlifíṣàn lójú gbogbo wọn, ó sì padà wá jókòó ti ìyá ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tó máa gbọ́ ọ tán.

Ó gùn. Àwọn alágbàfọ̀ ò kánjú, wọ́n fọwọ́ lẹ́rán, wọ́n ń dúró de ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan bí wọ́n ṣe dúró dè é lọ́jọ́ náà. Ìgbà tó yá, ó kan ibi tó gé sọnù pátápátá.

“Ẹni tí mo fẹ́ dúpẹ́ lọ́wọ́ ẹ̀ jù,” ni ìyá inú fíìmù wí, “ni ọ-ọ-ọ…”

Ẹnu ọkùnrin náà là fúnra ẹ̀, bó ṣe máa ń là láti kékeré. “Ọ̀gá,” ó ní.

Ìyá gbé ọwọ́ lé e lórúnkún. “Dúró,” ó ní.

Ó dúró. Ètè inú fíìmù gbọ̀n, ó gbọ̀n.

“…ọ-ọmọ mi ọkùnrin. Láti kékeré ló ti ń bá mi p-parí ọ̀rọ̀ láwùjọ. Ojú ò tì í nítorí mi rí.”

Àwọn inú fíìmù pàtẹ́wọ́. Àwọn tó wà ní pálọ̀ ò pàtẹ́wọ́. Ọwọ́ ìyá ṣì wà lórúnkún ẹ̀. Ọmọ fẹ́ gbójú sókè wo ìyá, kò lè gbé e.