Bátìrì Tó Kú Láàárín Orin

Òórùn omi bátìrì lọ́dọ̀ atọ́kọ̀ṣe mú mi rántí ọ̀sán kan ní Ṣábẹ, nígbà tí òmìnira ṣì jẹ́ tuntun. Àbúrò màmá mi fẹ́ kọrin lórí rédíò láti Kútọnu, bátìrì ọkọ̀ ló sì ń gbé rédíò wa.

Bàbá ní, “Ohùn rédíò ti ń rẹlẹ̀. Bátìrì ò ní bá wa dé orí orin náà.”

Màmá ní, “Ẹ pa á, kó sinmi. Á gbé orin kan.”

Nígbà tí Bàbá tún un tan, ohùn àbúrò Màmá jáde, a hó yèè! Láàárín orin ni bátìrì kú. Màmá bá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó kọ ọ́ parí, gbogbo agboolé ń jó. Ó pẹ́ kí n tó mọ̀ pé Màmá gan-an ló ni orin náà.

Bàbá ń pàtẹ́wọ́: “Tún un kọ! Ìwọ ò kúkú ń lo bátìrì!”