Ohun Tó Pa Ìyá Mi

Oṣù mẹ́jọ ni ọmọ mi ọkùnrin fi wá dókítà fún mi ní Calgary. Gbogbo ibi tó pè, wọn kì í gba aláìsàn tuntun. Nígbà tí klíníìkì kan nítòsí Sunridge gbà wá tán, mo wọ búùtù mi, a gba inú snow lọ. Mi ò sọ fún un pé kókó kan ti wà ní ọyàn mi òsì kí òtútù tó dé.

Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ìgbàlejò fún mi ní fọ́ọ̀mù. Mo ń kọ ọ́ lọ, ó ti rẹ̀ mí, títí mo fi dé ibi tí wọ́n ti béèrè ohun tó pa ìyá mi, àti ọjọ́ orí wọn nígbà náà.

Ọmọ mi ní, "Just put old age, Mummy."

Ẹni ọdún méjìléláàádọ́ta ni ìyá mi nígbà tí wọ́n kú. Yunifásítì ni mo wà. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ló dúró tì wọ́n nílé ìwòsàn, òun ló sì pàṣẹ pé kí ẹnikẹ́ni má béèrè. Ó ní bí aráyé bá gbọ́ pé àrùn wà nídìílé wa, kò sẹ́ni tí yóò fẹ́ àwa ọmọbìnrin. Mo gbọ́ràn. Mo fi ọgbọ̀n ọdún kọ́ ọmọ ọlọ́mọ ní báyọ́lọ́jì, mi ò mọ ohun tó pa ìyá tó bí mi.

Mo pe ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù níbi tí mo jókòó sí. Ìrọ̀lẹ́ ti lẹ́ n'Ìbàdàn.

"Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Bọ̀dá. Kí ló pa Màmá?"

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń kí èèyàn ní Canada nìyẹn?"

"Mo ti kí yín. Kí ló pa wọ́n?"

"Ikú Ọlọ́run ni. Àgbà bíi tìẹ kì í tú ọ̀rọ̀ òkú."

"Ọkọ tí ẹ torí ẹ̀ fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún mi ti kú. Kókó wà ní ọmú mi, Bọ̀dá."

Ọmọ mi gbójú sókè. Mò ń gbọ́ jẹnẹrétọ̀ ẹ̀gbọ́n mi lórí fóònù. Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Ọmú náà ni. Wọ́n gé e, ṣùgbọ́n ó ti pẹ́ jù." Ó tún ní kí n má sọ fún àbúrò wa obìnrin.

Ó ti lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, ó ṣì ń pàṣẹ. Mo kọ ìtàn yìí sílẹ̀ kí àwọn ọmọ rẹ̀ lè kà á.

Mo kọ jẹjẹrẹ ọyàn sí fọ́ọ̀mù, mo dá a padà. Àbúrò wa bí ọmọbìnrin mẹ́ta. Kí wọ́n tó pè mí wọlé, mo ti pè é.