Ìdáríjì Tí Ummu Gulnora Kò Fi Tọrẹ

Láàárọ̀ àná, ọmọ mi obìnrin yan búrẹ́dì, ó wọ́n haba sauda, irúgbìn dúdú wẹ́wẹ́ nì, lé e lórí. Òórùn rẹ̀ gbé mi kúrò ní Ìlọrin, ó dá mi padà sí Az-Zahir ní Mẹ́kà, níbi tí bàbá mi ti ń kọ́ òfin ẹ̀sìn nígbà tí mo wà lọ́mọ ọdún mẹ́wàá.

Ìdílé Gulnora, ọ̀rẹ́ mi, ló ń gbé ìsàlẹ̀ wa. Ọmọ ẹ̀yà Uzbek ni wọ́n. Ìyá rẹ̀, tí gbogbo wa ń pè ní Ummu Gulnora, ní ààrò alámọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó ń yan búrẹ́dì pẹlẹbẹ tà fún àdúgbò. Yorùbá ló kún inú Lárúbáwá tèmi, Uzbek ló kún inú ti Gulnora. Ìyá mi a ní àwa méjèèjì la fẹ́ ba èdè Ànábì jẹ́.

Gulnora ló sọ ohun tó lé wọn kúrò nílé fún mi. Lábẹ́ ìjọba Kọ́múníìsì, wọn kò lè kírun ní gbangba, ṣùgbọ́n onírúurú ẹ̀yà ń jẹun nínú àwo kan náà. Bí ìjọba náà ṣe ń wó lọ, kálukú bẹ̀rẹ̀ sí béèrè ẹni tó ni ilẹ̀. Aisulu, ọmọ ẹ̀yà Kirigisi tó ń bá àwọn Uzbek du ilẹ̀ náà, ni aládùúgbò wọn. Òun ló fún àbúrò Gulnora lọ́mú nígbà tí àìsàn dá ìyá wọn dùbúlẹ̀. Lọ́jọ́ tí àwọn jàǹdùkú Kirigisi dé, Aisulu yìí náà ló naka sí ilé wọn. Wọ́n sun ún. Àbúrò náà wà nínú rẹ̀.

Lọ́dún díẹ̀ lẹ́yìn náà, nígbà tí Hajj kù dẹ̀dẹ̀, obìnrin arìnrìn-àjò kan wọ ẹ̀yìnkùlé wa. Ọwọ́ Ummu Gulnora dúró lórí ìyẹ̀fun. Aisulu ni. Àwọn ará ìlú wọn ló júwe ibẹ̀ fún un. Ó kúnlẹ̀ sínú eruku, ó ń sunkún, Gulnora sì ń túmọ̀ sí mi létí: "Ó ní wọ́n fẹ́ sun ilé tòun náà bí òun kò bá júwe tiwa. Ó ní kí ìyá mi dárí ji òun kí òun tó lọ sí Arafa."

Ìyá mi sọ̀ kalẹ̀, ó ń bá a bẹ̀bẹ̀. "Ummu Gulnora, ẹ fi fún Ọlọ́hun."

"Mo ti fi fún Un, Àlàájà. Mo ní kí Ó bá mi gbẹ̀san."

Ó wá kọjú sí Aisulu. "Gbé ẹ̀ṣẹ̀ rẹ lọ sí Arafa," ó wí, "kí o sì gbé e padà sílé."

Aisulu fa ìborùn aláràbarà kan yọ nínú àpò, ó nà án sí Gulnora. Ọ̀rẹ́ mi gbà á, ó wo ojú ìyá rẹ̀, ó sì jù ú sínú ààrò. Aisulu wò ó títí ó fi jóná, ó dìde, ó lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín, inú mi dùn.

Nígbà tí bàbá mi gbọ́, ó ní, "Ẹ̀tọ́ ẹni tí a ṣẹ̀ ni. Kò sẹ́ni tó lè fipá gba ìdáríjì."

Lọ́dún kejì, ìdílé Gulnora kó lọ sí Al-Sabeel ní Jẹ́dà, mi ò sì fojú kan Gulnora mọ́. Wọ́n ti wó ilé wa ní Az-Zahir. Mo gbọ́ pé ẹ̀yà méjèèjì ti ń ná ọjà kan náà ní ìlú wọn lọ́hùn-ún.

Nígbà tí mo sọ ìtàn náà tán, ọmọ mi bi mí bóyá kò yẹ kí Ummu Gulnora dárí ji Aisulu. Mo ní ìdáríjì dára, Ọlọ́hun fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n títí dòní, bí mo bá ń tọrọ àforíjì fún gbogbo Mùsùlùmí lẹ́yìn ìrun, mo máa ń yọ obìnrin kan ṣoṣo sílẹ̀.