Pèrègún Mi àti Ọgbà Suwebat

Ewúrẹ́ ló mú èmi àti Suwebat pàdé. Nígbà tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, mo kó wá sí Ìmẹ̀kẹ, sórí ilẹ̀ tí ìyá mi fi sílẹ̀ fún mi. Mo ní kí n máa gbin ẹ̀gẹ́ àti ẹ̀fọ́, kí ara mi lè le. Ara ewúrẹ́ Alhaji Mùkáílà ló wá ń le. Alhaji ni a jọ pààlà, ó ní ewúrẹ́ bí ogójì, kò sì sí èyí tí kò mọ ọ̀nà ìdí ẹ̀fọ́ mi nínú wọn. Bí mo bá lọ fẹjọ́ sùn, á ní, "Tíṣà, ewúrẹ́ ò mọ̀wé. Lọ ṣe ọgbà." Inú á bí mi, nítorí òótọ́ ló sọ.

Gbogbo ẹni tí mo bi léèrè, Síkírù ni wọ́n ń dárúkọ fún mi. Láti Ìmẹ̀kẹ títí dé Kankon, kò sẹ́ni tó mọ ọgbà onígi àti wáyà ṣe bíi Síkírù. Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Síkírù ti kú láti ọdún mẹ́ta. "Ìyàwó rẹ̀ kúkú wà," ni ọ̀kan nínú wọn fi kún un, ó sì rẹ́rìn-ín bí ẹni tó dápàárá. Ẹ̀rín yẹn ló bí mi nínú tí mo fi lọ wá obìnrin náà kàn.

Suwebat ni orúkọ rẹ̀. Obìnrin kúkúrú ni, ó wé ìborùn mọ́rí, ó ró ìró lé sòkòtò, bàtà òjò sì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀ lójú oòrùn gangan. Mo bi í bóyá òun fúnra rẹ̀ ló ń ṣe iṣẹ́ náà.

"Tíṣà," ó ní, "ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi bá ọkọ mi di ìdí wáyà mú. Ẹni tó di ìdí wáyà mú ló ń mọ̀ bóyá ó le. Ẹni tó wà níwájú, ìṣó nìkan ló ń wò."

Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí létí. Ó jẹ́wọ́ fún mi pé láti ìgbà tí ọkọ òun ti kú, ilé adìẹ tó wó nìkan ni wọ́n ń pe òun sí, kò tíì sí ẹni tó gbé odindi oko lé òun lọ́wọ́. Mo ní kó wá gbé tèmi.

Ìròyìn kì í pẹ́ rìn níbí. Kí n tó délé, Alhaji ti gbọ́. Ní ọjọ́ tí Suwebat kó irinṣẹ́ dé, Alhaji gbé àga wá sí ẹ̀gbẹ́ oko, ó jókòó.

"Ìwọ obìnrin yìí," ó ní, "mo fẹ́ ṣọgbà yí gbogbo ilẹ̀ ewúrẹ́ mi ká, éékà mẹ́wàá ni. Mo ti fẹ́ ránṣẹ́ sí àwọn kan ní Sẹ̀mẹ̀. Màá wo ti Tíṣà ná. Bó bá dáa, ìwọ ni màá gbé e fún. Bí mo bá rí àléébù kan ṣoṣo níbẹ̀, má wulẹ̀ wá kí mi."

Suwebat kúnlẹ̀ díẹ̀, ó ní, "Ẹ ṣé, Alhaji." Éékà mẹ́wàá! Ẹni tó bá ṣe ọgbà Alhaji, kò sí oko tí wọn ò ní pè é sí mọ́ ní gbogbo àyíká wa.

Ẹ wá wo iṣẹ́. Igi ayin ló ní kí n rà, èyí tí wọ́n ń kó wá láti òkè Kétu, tí ikán ń bá jà títí tí eyín ikán á fi ká. Ó bó èèpo ara wọn, ó fi ọ́ìlì dúdú tí mẹkáníìkì yọ nínú mọ́tò kun ìdí wọn. Iyanrìn etí òkun wa kì í di nǹkan mú, nítorí náà ó máa ń gbẹ́ kòtò títí tó fi jẹ́ pé, bó bá na ọwọ́ sí i, èjìká rẹ̀ á kan ilẹ̀. Lẹ́yìn náà, á de igi kúkúrú kan ní ìbú mọ́ ìsàlẹ̀ òpó, bí ẹsẹ̀ pẹ́pẹ́yẹ, kó tó ri òpó náà mọ́lẹ̀. Igi ìbú yẹn, kò sẹ́ni tó ń rí i mọ́ tí iyanrìn bá ti bò ó. Àwọn òṣìṣẹ́ méjì tó mú wá láti Kankon ń fi Ègùn bá ara wọn ṣàwàdà, ṣùgbọ́n bó bá ti tú wáyà ká, wọ́n á dákẹ́, nítorí ó máa ń fi ìka ta wáyà, á sì dẹtí sí i.

Ìgbà náà ni ọmọ mi obìnrin tó wà ní Ọ̀tọ̀ bímọ. Mo ní láti lọ, kí n sì dúró di ọjọ́ ìsọmọlórúkọ. Mo bi Suwebat bóyá ó mọ ààlà èmi àti Alhaji. Ó ní ta ni kò rí i. Mo gbé báàgì mi, mo bá tèmi lọ.

Ọjọ́ kẹsàn-án ni mo padà dé. Ọgbà náà ti parí, ẹwà rẹ̀ sì pọ̀. Òpó dúró ṣánṣán, wáyà mẹ́rin tò léra wọn, kò sí èyí tó rọ̀. Ewúrẹ́ Alhaji kan dúró níta, ó ń wo ẹ̀fọ́ mi. Mo yọ̀ ọ́. Mo ń rìn lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọgbà, mo ń fi ọwọ́ pa òpó lórí lọ́kọ̀ọ̀kan, àfi bí mo ṣe rí i pé láti ebè ẹ̀gẹ́ mi tó kẹ́yìn dé ibi ọgbà, ìṣísẹ̀ méjìlá ló wà. Mi ò ní ìṣísẹ̀ méjìlá níbẹ̀ rí. Ilẹ̀ Alhaji ni.

Èmi ni mo fà á. Ní ọdún méjì sẹ́yìn, mo rí pèrègún tí wọ́n gbìn ní ìlà nínú ọgbà ilé ńlá kan, ó wù mí, mo sì gbin tèmi náà bí ọgbọ̀n sí etí ọ̀nà ẹsẹ̀ tó gba orí ilẹ̀ Alhaji kọjá, kí ẹni tó ń bọ̀ wá kí mi lè rí nǹkan tó dára wò. Ẹ bi ọmọdé léèrè ní Ìmẹ̀kẹ, á sọ fún yín pé pèrègún tó bá tò ní ìlà, ààlà ni. Baba ńlá wọn ló fi lélẹ̀ bẹ́ẹ̀, ìlà tèmi yìí sì ni Suwebat tẹ̀ lé. Ojúlówó pèrègún ààlà tiwa, èyí tí bàbá ìyá mi gbìn, ti há sínú igbó, ewé rẹ̀ ò sì ju márùn-ún lọ. Ọ̀mọ̀wé bíi tèmi nìkan ló lè máa fi àmì ààlà ṣe ẹ̀ṣọ́.

Èyí tó wá dùn mí jù ni ohun tí àwọn òṣìṣẹ́ sọ fún mi. Wọ́n ní Alhaji wá ní ọjọ́ karùn-ún, ó mi òpó, ó yin Suwebat. Ó wá wo ìlà pèrègún, ó fọwọ́ họ orí, ó ní, "Mo rò pé ilẹ̀ mi jù báyìí lọ. Ogbó ti dé." Ó sì bá tiẹ̀ lọ.

N kò ní parọ́ fún yín. Fún ìwọ̀n àkókò tí èèyàn fi ń mu omi ife kan, mo rò ó pé kí n panu mọ́. Lẹ́yìn náà ojú tì mí, mo lọ sọ fún Suwebat.

Ó jókòó sórí iyanrìn. "Tíṣà, ẹ ti pa mí," ó ní. Ó wá dìde, ó gbọn ìró rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ."

Mo ní kó jẹ́ dọ̀la, ká kọ́kọ́ wá ọ̀rọ̀ dídùn sọ.

"Ọ̀rọ̀ dídùn wo la fẹ́ fi bo òpó mẹ́rìndínlógójì, Tíṣà?"

A bá Alhaji ní iwájú ilé rẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í kálòlò. Suwebat gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi, ó ṣàlàyé bó ṣe rí, ó ní, "Tíṣà ló gbin pèrègún lóòótọ́, ṣùgbọ́n èmi ni mo ri òpó. Ó yẹ kí n pè yín kí ẹ wá fẹsẹ̀ yín rin ààlà, mi ò sì pè yín."

Alhaji fò dìde. "Nítorí náà, kì í ṣe ọpọlọ mi ló ń dàrú!" Inú rẹ̀ kọ́kọ́ dùn, lẹ́yìn náà ló wá rántí bínú. Ó pariwo pe àwọn ọmọ rẹ̀ ọkùnrin méjì, géńdé ni wọ́n, ó ní kí wọ́n lọ fa òpó igun tu lójú gbogbo wa.

Gbogbo wa lọ sídìí ọgbà. Wọ́n di òpó náà mú, wọ́n mì í síhìn-ín, wọ́n mì í sọ́hùn-ún. Wọ́n lọ mú okùn. Àwọn ará Kankon méjì náà bá wọn fà á. Okùn já, àwọn mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì fìdí jókòó sórí iyanrìn lẹ́ẹ̀kan náà. Òpó ò mira. Alhaji lọ bá a, ó fi ẹsẹ̀ ta á, ó di ẹsẹ̀ mú, ó wá bú sẹ́rìn-ín títí tí fìlà rẹ̀ fi bọ́.

"Kí lo rì sábẹ́ rẹ̀, erin?" Ó nu ojú rẹ̀. "Ó ti tó. Ẹ fi sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Tíṣà, mo fi ilẹ̀ yẹn ta ọ́ lọ́rẹ."

Mo ti fẹ́ dọ̀bálẹ̀. Ìkúnlẹ̀ ni Suwebat wà tó ti ní rárá.

"Alhaji, ẹ má bínú. Bó pẹ́ bó yá, èmi àtẹ̀yin ò ní sí mọ́. Àwọn ọmọ yín á wo ọgbà yìí, wọ́n á ní Suwebat ló fi òpó jí ilẹ̀ bàbá àwọn. Kò ní sẹ́ni tó máa rántí pèrègún. Màá hú àwọn òpó yìí."

Ṣé ẹ rí obìnrin tó fi ẹnu ara rẹ̀ gba ilẹ̀ lọ́wọ́ mi! Alhaji wò ó títí, ó padà sílé. Mo rò pé éékà mẹ́wàá ti lọ nìyẹn, ọkàn mi sì bàjẹ́ nítorí rẹ̀.

Ọjọ́ mẹ́rin ló fi hú wọn, tó sì tún rì wọn sí ìdí pèrègún bàbá ìyá mi. Ohun tí géńdé mẹ́rin ò lè fà tu, òun nìkan gbẹ́ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, ó na ọwọ́ sísàlẹ̀, ó tú igi ìbú, òpó sì jáde wọ́ọ́rọ́wọ́. Èmi ni mo di ìdí wáyà mú, ìyà ẹ̀ṣẹ̀ mi ni. Àtẹ́lẹwọ́ mi bó. "Tíṣà, ẹ fà á gidi," á ní, "kì í ṣe okùn agogo ilé ìwé." Pèrègún mi, èmi náà ni mo fi ọwọ́ ara mi hú gbogbo wọn.

Ó ku òpó igun tó kẹ́yìn nígbà tí Alhaji dé. Suwebat ò jẹ́ kó jókòó. Ó gbé òpó sínú kòtò, ó da iyanrìn sí i, ó ní kí àwa méjèèjì bọ́ bàtà wa ká wá tẹ ìdí rẹ̀ papọ̀. "Láti òní lọ, onílẹ̀ ọ̀tún àti onílẹ̀ òsì ló máa jọ máa tẹ òpó igun tèmi," ó ní. Báyìí ni àwa arúgbó méjì ṣe di ara wa léjìká mú, tí à ń tẹ iyanrìn káàkiri, tí àwọn ará Kankon sì ń pàtẹ́wọ́ fún wa.

Alhaji mí hẹlẹ, ó wọ bàtà rẹ̀. "Ọjọ́ wo lo máa bẹ̀rẹ̀ tèmi?"

"Lọ́jọ́ tí gbogbo ẹni tí ẹ jọ pààlà bá lè wá," ni Suwebat dá a lóhùn.

"Màá kó wọn dé lọ́jọ́ Ajé." Ó sì bá ọ̀nà lọ, ó ṣì ń rẹ́rìn-ín.

Suwebat fara ti òpó náà. Mo rò pé á hó fún ayọ̀, àfi bí mo ṣe rí omi lójú rẹ̀.

"Tíṣà," ó ní, "láti ọdún mẹ́ta, kò sí òpó tí mo rì tí mi ò bi Síkírù léèrè nínú ọkàn mi. Ṣé ó jìn tó? Ṣé ó gún? Èyí tí a rì tán yìí, mi ò rántí bi í." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ṣé kò ní bínú?"

Mo ní kò ní bínú. Mo bá a gbé díígà rẹ̀, a jọ ń lọ.