Àpáta Ẹ̀yìnkùlé Màmá Mi

Ẹ̀kọ́ nípa òkúta ni mo kọ́ ní Yábàá, láti ìgbà náà sì ni ara mi kì í ti í balẹ̀ bí mo bá rí àpáta. Inú iná ìsàlẹ̀ ilẹ̀ ni akọ òkúta ti wá. Bó ṣe ń tutù ló ń sán, omi gbígbóná tó ṣẹ́kù á sì gba ojú sísán náà wọlé pẹ̀lú irin tí kò ráyè dúró níbòmíràn. Ilà funfun ló máa ń fi sílẹ̀ lára àpáta, inú ilà náà lèèyàn sì ti lè rí tánganran, irin olówó ńlá.

Irú ilà bẹ́ẹ̀ ni àbúrò mi ọkùnrin gé wá láti ẹ̀yìnkùlé màmá wa, nítòsí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó gbé e wá bá mi ní Mùṣín, ó ní bí tánganran bá wà níbẹ̀, òun ti rí àwọn tó máa fọ́ àpáta náà. Ọ̀dọ̀ mi ni màmá ń gbé nígbà náà. Orí àpáta yẹn ni wọ́n ti ń sá iṣu èlùbọ́ láti ìgbà ọmọge wọn, ibẹ̀ ni wọ́n sì fẹ́ padà sí lẹ́yìn Ìkórè ṣọ́ọ̀ṣì.

Inú bí mi, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń yún mi láti mọ̀. Mo fi òòlù mẹkáníìkì iwájú ilé wa fọ́ òkúta náà kúnná, mo dà á sínú igbá omi. Ṣe ni a máa ń rọra yí igbá, kí iyanrìn ṣàn dànù, kí ohun tó wúwo bíi tánganran kù sísàlẹ̀. Sùúrù ni baba ìwà, ṣùgbọ́n baba yẹn kọ́ ló bí mi. Mo ń da omi káàkiri. Màmá gba igbá náà. Àwọn ló ń yọ òkúta kúrò nínú ìrẹsì Ọ̀fadà wa.

Wọ́n yí i, wọ́n yí i. Mo na ọrùn, mo rí hóró dúdú tó ń dán nísàlẹ̀. Kí n tó mú mágínẹ́ẹ̀tì tí mo tú lára sípíkà àtijọ́, kí n lè mọ̀ bóyá irin lásán ni, torí mágínẹ́ẹ̀tì kì í fa tánganran, màmá ti ṣe é bí ìrẹsì: wọ́n yí èyí tó fúyẹ́ sínú abọ́, wọ́n da ti ìsàlẹ̀ sí gọ́tà.

"Màmá, ohun tí à ń wá lẹ dànù yẹn o," ni àbúrò mi wí.

"Mo mọ̀."

Ó yíjú sí mi. "Àǹtí mi, ẹ̀yin lẹ kàwé ẹ̀. Kí lẹ rí?"

Mo sọ òótọ́, pé mo rí hóró dúdú, ó sì ṣeé ṣe kó jẹ́ tánganran. Ó dùn mí bí mo ṣe ń sọ ọ́. Àbúrò mi ní kò séwu, ilà náà ṣì pọ̀ nílé, òun á lọ gé òmíràn wá.

Màmá ṣan igbá, wọ́n gbé e kọ́. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fa báàgì wọn jáde lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, wọ́n ń kó aṣọ sínú rẹ̀. Mo ní ṣebí lẹ́yìn Ìkórè ni. Wọ́n ní rárá, ọ̀la ni. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ lọ ṣe nílé, nígbà tí kò tíì sí iṣu tí wọ́n máa sá.

"Mo fẹ́ lọ jókòó lórí àpáta mi."