Ọmọ Tí A Ò Gbọdọ̀ Pọ̀n

Ọjọ́ kejì tí mo bí ọmọbìnrin mi àkọ́kọ́ ni nọ́ọ̀sì rí i pé kò ní ihò ìdí. Kò sí o! Ibẹ̀ dí pátápátá. Òmìnira ò tíì pẹ́ nígbà náà, yàrá méjì la sì ń gbé ní Onírèké. Dọ́kítà la ikùn ọmọ náà, ó fa ìfun jáde lẹ́gbẹ̀ẹ́ òsì kí ìgbẹ́ lè máa gba ibẹ̀. Ó ní bó bá pé ọmọ ọdún kan, àwọn á ṣe ihò ìdí fún un, àwọn á sì dí ti ikùn. Ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ pọ̀n ọ́n.

Ẹ̀yin tí ẹ ti tọ́mọ rí, ẹ gbọ́ ohun tí wọ́n wí? Apá ni mo fi ń gbé e kiri. Mo ń fi ọwọ́ kan se ọbẹ̀, mo ń fi ọwọ́ kan fọṣọ. Òwú, fasilín àti àkísà ni mo fi ń di ikùn yẹn, nígbà míì ó tó ẹ̀ẹ̀mẹjọ lójúmọ́. Ó rẹ̀ mí tẹnutẹnu.

Ìyá ọkọ mi, tí wọ́n wá bá mi tọ́jú ọmọ, kì í dákẹ́: "Ọmọ wo ni kì í rí ẹ̀yìn sùn?" Lọ́jọ́ kan tí mo lọ ra òwú ní Dùgbẹ̀, ọmọ sunkún títí, àánú ṣe wọ́n, wọ́n bá pọ̀n ọ́n. Wọ́n fi ọ̀já dì í le dáadáa. Nígbà tí mo dé, ọmọ ti sùn fọnfọn, inú wọn sì ń dùn. A tú ọ̀já. Ìfun ti yọ síta gbọọrọ, ẹ̀jẹ̀ ti rin ẹ̀yìn aṣọ wọn.

"Ṣé ẹ fẹ́ pa ọmọ mi ni?"

Mo pariwo mọ́ wọn lójú gbogbo ayálégbé. Ojú ń tì mí di bí mo ṣe ń sọ ọ́ yìí. Dọ́kítà tún un ṣe, ṣùgbọ́n wọ́n fi oṣù mẹ́fà sún iṣẹ́ abẹ tó kù síwájú. Láti ọjọ́ náà ìyá ọkọ mi kò fọwọ́ kan ọmọ mọ́. Wọ́n á pọnmi, wọ́n á fọ àkísà, wọ́n á lọ jókòó lọ́ọ̀ọ́kán.

Àwọn dọ́kítà ṣe ihò ìdí náà níkẹyìn. Kó má baà padé, irin kékeré kan tí dọ́kítà fún mi ni mo ń kì bọ̀ ọ́ láràárọ̀, ọmọ ń ké, èmi náà ń ké. Lẹ́yìn náà ni wọ́n dí ti ikùn. Ọjọ́ márùn-ún, kò yàgbẹ́. Ikùn rẹ̀ wú. Dọ́kítà ní bí ilẹ̀ bá mọ́ tí kò sí nǹkan, àwọn á tún ikùn là.

Mo gbé ọmọ lé ìyá ọkọ mi lẹ́sẹ̀ níbi tí wọ́n jókòó sí lórí bẹ́ǹṣì wọ́ọ̀dù. "Ẹ gbà á, mà. Ó ti rẹ̀ mí." Wọ́n na ọwọ́ méjèèjì sókè, wọn ò jẹ́ kó kan ọmọ. Kò pẹ́, wọ́n ní, "Ìyàwó, nǹkan kan gbóná lórí itan mi."

"Ẹ má mira, mà! Láti ikùn ni àbí láti ìdí?"

Wọ́n gbé e sókè díẹ̀, wọ́n wò ó. Wọ́n bú sẹ́kún. Wọ́n kàn fi ìka tọ́ka sí ìdí ọmọ.

Lọ́jọ́ tí dọ́kítà ní ojú ọgbẹ́ iṣẹ́ abẹ ti jinná, tí a lè pọ̀n ọ́n lọ sílé, mo na ọ̀já sí ìyá ọkọ mi. Ẹ̀yìn wọn ni ọmọ náà sùn sí délé.