Ẹran Ìkórè Tí Wọ́n Ní Ìyá Mi Bà Jẹ́

Wọ́n sọ fún gbogbo ìjọ pé ìyá mi kò mọ ẹran dín, irọ́ sì ni.

Ẹ jẹ́ kí n bẹ̀rẹ̀ láti òwúrọ̀ ọjọ́ náà. Òórùn òróró tó ti gbóná débi pé ó ń rú èéfín ló jí mi. Láàárín àwọn ọdún 1990 ni, nígbà tí kẹrosíìnì wọ́n bí ojú, igi la sì fi ń dáná. Àgbàlá wa ní àdúgbò Ìlódè ló wà lẹ́yìn ṣọ́ọ̀ṣì gan-an, ibẹ̀ ni wọ́n ti máa ń se oúnjẹ ìkórè. Nígbà tí mo jáde síta, Màmá ti gbé agbada irin ka iná, ó sì ń fi aṣọ funfun kan nu ẹran tútù lọ́kọ̀ọ̀kan, kí omi lè tán lára rẹ̀.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ń dáná náà mọ̀ pé ọ̀pọ̀ alásè ló máa ń kọ́kọ́ bọ ẹran kí wọ́n tó dín in. Màmá mi kì í ṣe bẹ́ẹ̀. Tútù ló ń sọ ọ́ sínú òróró gbígbóná, díẹ̀díẹ̀, pẹ̀lú àlàfo láàárín wọn. Á pariwo "ṣààà!", ara rẹ̀ á pọ́n, etí rẹ̀ á dúdú díẹ̀, inú rẹ̀ á sì rọ̀. Lẹ́yìn náà ló tó máa kó o sínú ata tó ń hó. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Etí ni wọ́n fi ń dín ẹran. Bí ariwo bá ti rẹlẹ̀, dúró, jẹ́ kí iná ràn." Èmi ni mo ń ti igi.

Ìyá Ràsákì, aládùúgbò wa tí ìyá mi náà máa ń bá dáná nígbà Iléyá, nu èéfín kúrò lójú. "Ìyá Bọ́sẹ̀, ṣé ẹ̀ ń dín ẹran ni, àbí ẹ̀ ń bá a jà?"

"Mò ń kí i káàárọ̀ ni. Ẹran tí wọn ò bá kí dáadáa, tó bá dẹ́nu yín, kò ní dá yín lóhùn."

Ẹran inú báàfù kìn-ín-ní ti pọ́n tán nígbà tí Màmá lọ wo ìrẹsì níwájú ilé. Àsìkò yẹn ni Màmá Alága, alága ìgbìmọ̀ oúnjẹ, dé, pẹ̀lú ìyá ìjọ mẹ́ta lẹ́yìn rẹ̀. Ó wo aago ọwọ́ rẹ̀, ó wo agbada.

"Ìwọ̀nba yìí náà ni wọ́n ń dín lẹ́ẹ̀kan? Ṣé títí Jésù á fi dé ni?"

Mo ní, "Màmá ní kí á má ṣe—"

"Pa ẹnu ẹ mọ́, ọmọdé yìí!"

Ó gbé báàfù kejì, ó sì da gbogbo rẹ̀ sínú agbada. Ariwo òróró kú lẹ́ẹ̀kan náà. Omi bẹ̀rẹ̀ sí í sun lára ẹran, ó di ọbẹ̀ olómi, ẹran sì funfun bí eérú. Nígbà tí Màmá dé, ó dúró wò ó. "Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́," ló wí, "ohun tí a bá fi agbára mú ní í le koko." Ì bá ti po burúkú mọ́ rere, kò sí ẹni tí ì bá mọ̀. Ó kọ̀. Ìkòkò ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ló sè wọ́n sí.

Lẹ́yìn ìsìn, àwọn tí wọ́n bu ti ìkòkò kejì fún bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Alága gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin ará. Alásè wa ni kò mọ ẹran dín. Lọ́dún tó ń bọ̀, a ó wá ẹlòmíràn." Àwọn èèyàn rẹ́rìn-ín.

Bàbá arúgbó kan gbé àwo rẹ̀ sókè. "Ta ló wá dín tèmi yìí? Eyín mélòó kan tó ṣẹ́kù sí mi lẹ́nu, ijó ni wọ́n ń jó!"

Ìyá mi kúnlẹ̀. "Èmi ni, Bàbá."

"Ti àwọn wọ̀nyí ńkọ́?"

"Ẹni tó dà á síná wà níbí, sà. Ẹ jẹ́ kó fẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́."

Àwọn ìyá mẹ́ta yẹn ń wolẹ̀. Ẹnì kan dá orin, ọ̀rọ̀ parí síbẹ̀. Ìyá mi dìde, ó tún ìró rẹ̀ ró, ó gba àárín wọn kọjá lọ sílé láìtẹ orí ba. Orí mi wú. Lọ́jọ́ Ajé, ọmọ kan ní kíláàsì pè mí ní "Ọmọ Ìyá Ẹran-Le," mo sì rántí bí ìyá mi ṣe rìn lọ, n kò sunkún.

Ìjọ kò pè é dáná mọ́ láéláé. Ìlú ń pè é. Láti ìdí Ẹ̀núwá títí dé Ẹdúnàbọ̀n, ọ̀pọ̀ ìyá ọkọ ìyàwó ni kì í mú ọjọ́ ìgbéyàwó kí wọ́n tó bi í bóyá ọwọ́ rẹ̀ dilẹ̀.

Mo ti ka yunifásítì tán, mo sì ti dàgbà ju bí ìyá mi ṣe rí lọ́jọ́ náà. Bí mo bá ń dáná fún èrò, mo máa ń fi àlàfo sílẹ̀ nínú agbada, kò sì sí ẹni tó jẹ́ gbé báàfù mi. Ọmọ tí wọ́n ní kó panu mọ́ nígbà náà panu mọ́. N kò ní pa á mọ́ mọ́, nítorí lóṣù tó kọjá ni ìjọ yẹn fi oyè dá alága yẹn lọ́lá pé ó bọ́ agbo Ọlọ́run. Ìyá mi jókòó sẹ́yìn, ó pàtẹ́wọ́. Èmi kò pa á.

Ìdáhùn ni mo fẹ́. Màmá Alága, ta ló da ẹran yẹn sínú agbada? Ẹ̀yin ìyá mẹ́ta, kí ló di yín lẹ́nu? Ẹ̀yin ìgbìmọ̀ ìjọ, ta lẹ bi léèrè kí ẹ tó lé e? Etí ìyá mi ṣì ń gbọ́ràn dáadáa. Ẹ wá sí Ìlódè, kí ẹ wá sọ ọ́ lójú rẹ̀.